Jẹnẹrétọ̀ bẹntiróò tàbí ti dísẹ̀lì: Ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ ọwọ́ l'Ékìtì mọ̀ kó tó rà á

Ọ̀pọ̀ nínú owó tó ń wọlé fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní Adó-Èkìtì ló ń bá inú táńkì jẹnẹrétọ̀ lọ. Láti Ọjà Ọba dé Ajílosùn, Baṣírì àti Òkèyìnmi, bí iná BEDC, èyí tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní NEPA, bá ti lọ, ariwo ẹ̀rọ ló máa ń gba ìgboro. Àmọ́ kí ènìyàn tó na owó rẹ̀ sílẹ̀, ìbéèrè kan wà tó gbọ́dọ̀ dáhùn: ṣé èyí tó ń mu bẹntiróò ni àbí èyí tó ń mu dísẹ̀lì? Ẹni tó bá ṣe àṣìyàn, gbèsè ló rà sílé.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn

Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróò, pulọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí epo. Ti dísẹ̀lì, èyí tí Rudolf Diesel ará Jámánì dán wò ní àṣeyọrí lọ́dún 1897, kò nílò ìyẹn. Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ náà máa ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan. Bí nọ́sù bá ti tú epo sí i, epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí agbára yìí, irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn. Ìdí nìyí tó fi wúwo, tó wọ́n, tó sì máa ń pẹ́ láyé ju ti bẹntiróò lọ.

Ọ̀rọ̀ owó epo

Lítà dísẹ̀lì kan fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lágbára ju lítà bẹntiróò kan lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sì í fi epo ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà tí owó ìrànwọ́ ìjọba wà lórí bẹntiróò, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka èyí sí. Kí ó tó di ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ náà ti dópin, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà kan kò tó 200 náírà. Kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó ti kọjá 600. Dísẹ̀lì ní tirẹ̀ kò ní ìrànwọ́ kankan nígbà náà. Lẹ́yìn tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ó ti kọjá 700 náírà nígbà tó fi di oṣù Keje ọdún náà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbára lé ìṣirò àtijọ́. Ẹ rọ epo kún táńkì, ẹ lo ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ tún rọ ọ́ kún. Iye lítà tó wọlé ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Onígbàjámọ̀, aránṣọ tàbí ẹni tó ń gba fóònù fún ṣájì, tó ń tan ẹ̀rọ fún wákàtí díẹ̀ lóòjọ́, bẹntiróò ló bá a mu. Àmọ́ ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìyìn, Ìgèdè tàbí Ìlawẹ̀, ẹni tó ń la pákó, oníbúrẹ́dì, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn, tí ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, dísẹ̀lì ni tiwọn.

Ẹ má ṣe ra dísẹ̀lì ńlá láti fi tan gílóòbù mẹ́rin. Bí ẹrù tó gbé kò bá tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀, epo kì í jóná tán. Èédú yóò dí i, yóò sì bà jẹ́ láìtọ́jọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé fìríìsà àti ẹ̀rọ tó ń fa omi máa ń gba iná ní ìlọ́po nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn.

Ìtọ́jú àti ewu

Omi àti ìdọ̀tí ni ọ̀tá dísẹ̀lì; ẹ máa pààrọ̀ fílítà rẹ̀ lásìkò. Bẹntiróò tó bá pẹ́ nínú kabúrétọ̀ máa ń dì, ẹ tì í pa bí ẹ kò bá ní lò ó. Bẹntiróò tètè ń gbiná ju dísẹ̀lì lọ, nítorí náà ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì gbóná.

Ní ti èéfín, kò sí èyí tó sàn nínú méjèèjì. Carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé, ni àyè jẹnẹrétọ̀. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe ilé ìdáná.