Ẹni Tó Ń Rìn ín Ló Mọ̀ Ọ́n: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Ọ̀nà Ọkọ̀

Ìtàn tí mo mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ti ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ogun. Ìtàn ọkọ̀ èrò ni. Àwa tí à ń ti Ákrà lọ sílé mọ̀ ọ́n dáadáa: bí a bá dé Èkó, ìrìn àjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, kí a tó rí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà.

Láyé Gómìnà Lateef Jakande, wọ́n dá ètò ọkọ̀ ojú irin inú ìlú Èkó sílẹ̀, wọ́n pè é ní Metroline. Ní ọdún 1985, ìjọba ológun fagi lé e. Àṣẹ láti òkè ló pa á; ẹni tó ń jí ní ìdájí láti lọ wọ mọ́lùẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti pinnu. Títí di ọdún 2023 ni Èkó fi dúró kí ọkọ̀ ojú irin bẹ́ẹ̀ tó kó èrò láàárín Marina àti Mile 2.

Ní ọdún 2002, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ LAMATA sílẹ̀. Nígbà tí àjọ yìí ń gbèrò ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì BRT nìkan yóò máa gbà, kò jókòó sí ọ́fíìsì nìkan. Wọ́n bá àwọn tó ń gbé ẹ̀bá ọ̀nà sọ̀rọ̀, wọ́n bi èrò léèrè, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ jókòó. Ẹ̀rù ń ba àwọn awakọ̀ pé wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Nígbẹ̀yìn, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, àwọn náà sì wà lára àwọn tó ń fi bọ́ọ̀sì tuntun ṣiṣẹ́. Ohun tí èrò béèrè kò ju mẹ́ta lọ: ọkọ̀ tó ń dé lásìkò, owó tí agbára ká, àti ìrìn tí olè kò ní í da ni láàmú.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Láàárín 100 ọjọ́ àkọ́kọ́, èrò tó wọ̀ ọ́ ju mílíọ̀nù 9 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, bọ́ọ̀sì ń gbó, ìlà èrò ń gùn. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀nà náà dé Ìkòròdú ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ aládàáni ló gba iṣẹ́ náà. Ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Ó yẹ kí ìjọba máa padà wá bi èrò.

Níhìn-ín ní Ghana ńkọ́? Ẹ wo ọ̀nà Madina sí Adenta. Wọ́n la ọ̀nà náà, ó fẹ̀, ọkọ̀ ń sáré, àmọ́ àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà nílẹ̀ láìparí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ ń pa ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, lẹ́yìn tí ọkọ̀ pa ọmọ ilé-ìwé kan, àwọn ará àdúgbò fi ìbínú jáde, wọ́n dí ọ̀nà. Ìgbà náà ni iṣẹ́ tó padà bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn afárá náà.

Àwọn àgbà ní ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran. Ẹni tó bá sì rántí òfin ọdún 1969, tí wọ́n fi lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Ghana, yóò mọ ìdí tí àlejò fi ń dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ta ọjà ní ibùdókọ̀ kan láti ogún ọdún mọ ibi tí omi ti ń dí ọ̀nà, ó sì mọ ibi tí ọmọdé ti ń sọdá. Ká sọ ìyẹn jáde kì í ṣe òṣèlú.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ìpàdé àdúgbò lórí ọ̀nà tàbí ibùdókọ̀, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan rán ènìyàn méjì lọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, kí wọ́n sì wá jábọ̀ fún ẹgbẹ́. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí ọkọ̀ bá gbá ọmọ wa kí á tó lanu.

Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.