Ogun Parí Ní 1970, Kò Tíì Parí Létí Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Lọ́dọọdún, bó bá ti di ọjọ́ 15 oṣù January, Nàìjíríà a máa ṣèrántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Wọn á gbé òdòdó sílẹ̀, wọn á fun fèrè, wọn á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, 11 November ni tiwa náà, bíi ti Amẹ́ríkà tí mo wà yìí, nítorí ọjọ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ni. Ọjọ́ tí ogun Biafra parí la wá fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó kú sójú ogun ni òdòdó yẹn wà fún, ó sì tọ́ sí wọn. Àwọn tó bọ̀ wálé ńkọ́?

Bàbá mi wà lára wọn. 1968 ni wọ́n wọṣẹ́ sójà, ọmọ ọdún 19. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní July 1967, àwọn sójà ilẹ̀ wa ò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tó fi máa parí, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Ẹ wo iye ọ̀dọ́ tí wọ́n kó jọ! Third Marine Commando ni Bàbá wà, lábẹ́ Benjamin Adekunle tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion. Ìdí àgbá ni wọ́n fi wọ́n sí. Ní May 1969, Olusegun Obasanjo gba ipò lọ́wọ́ Adekunle. Bàbá ṣì wà nídìí àgbá, láìfi nǹkan kan dí etí.

Nínú etí èèyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tín-ín-tìn-tín kan wà tó nírun lórí. Àwọn ló ń gba ìró fún ọpọlọ. Ariwo àgbá a máa pa wọ́n, bí wọ́n bá sì ti kú, wọn kì í hù padà. Etí Bàbá ń hó tọ̀sán-tòru. Nílé, a máa ń pariwo bá wọn sọ̀rọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò á rò pé ìjà là ń jà. Lórí fóònù báyìí, màmá mi ló ń ṣe ògbufọ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ ogbó ni wọ́n kọ sí káàdì wọn ní ọsibítù. Ọ̀rọ̀ ogun ò sí níbẹ̀.

Oorun náà ńkọ́? Ní December, bí àwọn ọmọdé bá ti ń yin bángà, Bàbá á wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Lóru, wọn a máa pe orúkọ àwọn tá ò mọ̀. Màmá mi á ní, “Ogun ló tún dé yẹn.” Orúkọ tá a fún un nílé wa nìyẹn. 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kọ PTSD sínú ìwé wọn, lẹ́yìn tí àwọn sójà tó ti Vietnam bọ̀ ti pariwo fún un. Ogun tiwa ti parí ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Àwọn yẹn sọ̀rọ̀, tiwa dákẹ́. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mi ò kọ èyí láti fi yin ogun o. Àìmọye ọmọdé ni ebi pa ní Biafra. Bàbá rí wọn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sọ pé àwọn ṣẹ́gun. Àgbá ò sì yan ẹ̀yà: àwọn bàbá Ígbò tó wà lódìkejì, etí tiwọn náà ń hó.

Nínú àwọn ìwé tí mò ń kà fún iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé mi, mò ń rí orúkọ àwọn ọ̀gágun, mò ń rí ìlú tí wọ́n gbà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Etí ẹni tó yin àgbá ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àwa ọmọ wọn la máa kọ ìyẹn.

Torí náà, bí òbí yín bá ṣe sójà, ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ìlú tí wọ́n gbà. Ẹ bi wọ́n pé etí wo ló kọ́kọ́ di, ibo ló ń dùn wọ́n, irú àlá wo ni wọ́n ń lá. Bí wọn ò bá fẹ́ sọ, ẹ má fi ipá mú wọn. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ẹni tó bá ń tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù sọ fún dókítà pé sójà ni wọ́n, kó kọ ọ́ sínú fáìlì. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 ní 1968 ti lé ní 75 báyìí. Àkókò ò dúró dè wá.