Ìgbàgbọ́, Òye àti Kúnínì: Àríyànjiyàn Kan Láàárín Àwọn Aládùúrà

A máa ń gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù, láti Ọ̀fàtẹ̀dó títí dé Iléṣà, pé ìbéèrè púpọ̀ ní í pa ìgbàgbọ́. Ìtàn àwọn Aládùúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n sábà fi ń gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Lójú tèmi, ìtàn yẹn gan-an ló já a nírọ́.

Oṣù kẹwàá 1928 ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, gbọ́ ìpè lẹ́bàá Ìkéjì-Arákéjì. Ìsọjí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní oṣù keje 1930. Omi tí a gbàdúrà sí ni wọ́n fi ń wo àìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn Wesley Guild ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì wà nílùú kan náà.

Ní 1932, àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church dé láti Bírítéènì. Àwọn Aládùúrà ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń lo kúnínì nítorí ibà. D. O. Ọdúbánjọ àti àwọn olórí mìíràn kò gbà. Bí Ọlọ́run nìkan ni oníwòsàn, kí ni ajíhìnrere ń fi kóró òyìnbó ṣe? Ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa: àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìronú ló ń fi ẹ̀kọ́ tí gbogbo wọn jọ gbà mú olùkọ́ wọn. Àríyànjiyàn náà dá ìjọ sí méjì. Ní 1943, apá tó kọ kúnínì forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Christ Apostolic Church.

Wọ́n ronú, ibi tí wọ́n dúró sí ni mo ń bá wọn jà. Èèpo igi ni wọ́n ti ń rí kúnínì. Bí omi odò bá lè gbé agbára Ọlọ́run, èèpo igi ńkọ́? Wọ́n lè ní àdúrà ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe omi. Ó dára, ta ló ní kí a má gbàdúrà sí kúnínì? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà tó kú ní 430, kọ́ni pé ẹni tó bá gbàgbọ́ ló yẹ kó máa wá òye. Kò ní kó dúró lágbedeméjì.

Ìjọ tó kọ kúnínì yìí náà ló dá Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sílẹ̀ ní Ìkéjì-Arákéjì ní 2006. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn wa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ máa béèrè ọ̀rọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ sì dá wọn lóhùn.