Ìlà àti Ìrìn: Àgbéyẹ̀wò Bí Ìdíje Orí Yìnyín Ṣe Dàgbà, Pẹ̀lú Èsì fún Àwọn Tó Ní Ijó Lásán Ni

1. Ìfáàrà

Akẹgbẹ́ wa kan ní Rẹ́mọ ń tẹnu mọ́ ọn pé figure skating, tí a ó máa pè ní eré orí yìnyín níhìn-ín, kì í ṣe eré ìdárayá. Ó ní ijó ìtàgé ni, pé tẹlifíṣọ̀n ló sọ ọ́ di ìdíje, àti pé níbi tí kò bá ti sí aago tàbí góòlù, ojúsàájú adájọ́ ló ń yan ẹni tó borí. Ọ̀rọ̀ náà tètè wọlé sétí àwọn ará ilé wa. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025, góòlù sì ni wọ́n fi gbà á. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbe akẹgbẹ́ wa lẹ́yìn. Ní ṣókí, eléré á wọ bàtà tó ní abẹ lábẹ́, á máa rìn, á máa fò, á máa yípo lójú yìnyín, àwọn adájọ́ á sì fún un ní àmì.

2. Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Scheveningen ní Netherlands ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àgbáyé eré náà, ISU, sílẹ̀ ní 1892. Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní St Petersburg ní 1896, Gilbert Fuchs ará Jámánì ló sì borí. Ní 1902, obìnrin kan, Madge Syers, wọlé láàárín àwọn ọkùnrin ní London, ó ṣe ipò kejì sí Ulrich Salchow. Ní 1906 wọ́n ya ìdíje obìnrin sọ́tọ̀, Syers ló sì gbà á. Ní 1908 eré náà wọ Olympics. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ilé ẹnikẹ́ni.

Òtítọ́ ni pé Jackson Haines, ará Amẹ́ríkà, ti mú orin àti ijó bálẹ́ẹ̀tì wọnú eré náà ní Vienna ṣáájú ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ijó kọ́ ni òpó tí ìdíje fẹ̀yìn tì.

3. Ìlà àti ìrìn

Ohun tí akẹgbẹ́ wa kò fiyè sí nìyí. Ìlà ni ohun tí abẹ ìsàlẹ̀ bàtà fi sílẹ̀ lójú yìnyín. Ìrìn ni ohun tí ojú ń rí nígbà tí eléré ń lọ. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò lè ka ìtàn eré yìí já.

Ìlà ni àgbà nínú méjèèjì. Nínú ìdíje ayé àtijọ́, eléré á fi ẹsẹ̀ kan fa òbìrípo tó so kọ́ra, á tún un tọ̀ títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìlà ẹ̀yìn má baà yà kúrò lójú ti àkọ́kọ́. Nígbà tó bá kúrò níbẹ̀ tán, àwọn adájọ́ á sọ̀ kalẹ̀ sórí yìnyín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á yẹ ìlà náà wò bí olùkọ́ ṣe ń yẹ síléètì ọmọ wò. Kò sí orin. Aṣọ aláràbarà kò lè gba ìlà wíwọ́ sílẹ̀. Ijó wo ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ lẹ́yìn tí oníjó ti kúrò lójú agbo?

Títí di 1968, ìlà ló ń kó 60 nínú 100 àmì. Ní Olympics Sapporo, 1972, Trixi Schuba ará Austria fi ìlà gba wúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò keje ló wà nínú ìrìn. Janet Lynn ará Amẹ́ríkà, tó borí nínú ìrìn, idẹ ló gbà. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n kì í sábà rí ìlà, ìdájọ́ náà kò sì yé wọn. Láti 1973 ni wọ́n ti fi ìrìn kúkúrú kún ìdíje, wọ́n ń dín ìlà kù díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò ní 1990. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nìyẹn: ó bá ìdíje tó ti dàgbà lọ́nà, ó sì yí ojú rẹ̀ sí ìrìn.

Síbẹ̀ ìlà kò kú. Fífò tí wọ́n ń pè ní Lutz gbọ́dọ̀ gbéra láti etí òde abẹ. Bó bá jẹ́ etí inú ni, àmì á dín kù. Ohun tí adájọ́ ayé àtijọ́ ń wá lórí yìnyín náà ni ti òde òní ń wá lábẹ́ bàtà.

4. Ọ̀rọ̀ adájọ́

A kò sẹ́ ìwà ìbàjẹ́. Ní Salt Lake City, 2002, awuyewuye lórí ìbò adájọ́ mú kí wọ́n fún takọtabo méjì, ti Rọ́ṣíà àti ti Kánádà, ní wúrà. Láti 2004 ni wọ́n ti ń pa ìlànà àtijọ́, tí 6.0 jẹ́ àmì tó ga jù nínú rẹ̀, tì, tí ohun kọ̀ọ̀kan tí eléré bá ṣe sì ní iye tí wọ́n tẹ̀ jáde. Fífò tí wọ́n ń pè ní Axel, oníyípo kan àtààbọ̀, gba 1.10, oníyípo mẹ́rin àtààbọ̀, tí Ilia Malinin kọ́kọ́ ṣe láṣeyọrí nínú ìdíje ní 2022, gba 12.50.

Bí adájọ́ bá ń sọ eré di ijó, kí ni a ó pe ẹ̀ṣẹ́ kíkàn? Lórí àmì adájọ́, lẹ́yìn ìpele 15, ni Dick Tiger gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Gene Fullmer ní San Francisco ní 1962. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbèjà bẹ́líìtì náà ní Liberty Stadium, Ìbàdàn. Ta ló pe ìyẹn ní ijó?

Ẹni tó bá ń wá ojúsàájú, ẹnu ọ̀nà ni kó kọ́kọ́ wò. Wọn kò gba Mabel Fairbanks, obìnrin aláwọ̀ dúdú, sínú ẹgbẹ́ eléré ní Amẹ́ríkà, kò sì rí ìdíje kankan wọ̀. Ó di olùkọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1988 Debi Thomas, eléré ará Amẹ́ríkà, gba idẹ, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Olympics ìgbà òtútù.

5. Ibi tí ìwádìí kàn

Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Olympics ìgbà òtútù, ní PyeongChang, 2018, eré aago ni Seun Adigun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Simidele Adeagbo ṣe. Ṣé aago nìkan la gbẹ́kẹ̀ lé nílé wa ni? A rò pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn adájọ́ ń wo aṣọ àti ìtò àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, wọ́n sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn. Àwọn egúngún onídán náà ní òṣùwọ̀n tí àwọn àgbà fi ń mọ èyí tó dáńtọ́. Àkọsílẹ̀ òṣùwọ̀n wọ̀nyí, láti Ṣágámù títí dé Ìlíṣàn, ni iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé báyìí.

6. Ìkádìí

A kò sọ pé àríyànjiyàn ti parí. Ẹ̀rí púpọ̀ ṣì kù láti yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ó jọ pé yóò ṣòro fún ẹni tó bá gbé ìlà yẹ̀ wò kí ó tó dé orí ìrìn láti pe eré yìí ní ijó lásán. Eré ìdárayá ni. A rọ àwọn tó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá fún ilé ìwé wa kí wọ́n fún un ní àyè tó tọ́ sí i.