Balk: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Ti Inú Oko Wá

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ balk sí Yorùbá, “lọ́ra” ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Mi ò rò pé ó bá a mu, ìtàn ọ̀rọ̀ náà sì ni ẹ̀rí mi.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, balca ni ilẹ̀ tó ga díẹ̀ láàrin poro méjì. Láyé ìgbà náà, ní ọ̀pọ̀ abúlé ní England, àwọn ará abúlé kọ̀ọ̀kan jọ ń dáko sórí pápá gbalasa tí kò ní ọgbà. Wọ́n á pín in ní ìlà-ìlà gbọọrọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan á sì mú tirẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ibi tí ohun ìtúlẹ̀ kò bá kàn, tí koríko gba ibẹ̀, ni balk. Nígbà mìíràn wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹni tó ń darí màlúù ló fò ó. (Àwa ń fi pèrègún pààlà, àwọn ń fi ilẹ̀ tí wọn kò tú ṣe é.) Abúlé Laxton, ní Nottinghamshire, ṣì ń dáko lọ́nà yìí di òní.

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá ni ọ̀rọ̀-orúkọ yìí di ọ̀rọ̀-ìṣe: kí a fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ láìtú. Láàrin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti kúrò lóko, ó di kí a mọ̀ọ́mọ̀ fo nǹkan dá. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ó ti kan ẹṣin tó dé ibi ìdènà tó sì dúró. Ìgbà tó di nǹkan bí ọdún 1580 sí 1590, ènìyàn náà ti ń balk: ó kọ̀. Ẹ wò ó, ilẹ̀ tí wọ́n fò ló wá di ohun tí kò ṣeé fò.

Igi àjà náà ń jẹ́ balk, bẹ́ẹ̀ ni Balken àwọn ará Jámánì. Ìdílé yìí ló bí balcony, tó gba Ítálì wọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Britain sábà máa ń kọ ọ́ ní baulk. Nínú baseball, bí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ tó sì dá ọwọ́ dúró, balk nìyẹn, àwọn asáré alátakò á sì sún síwájú. Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn awalẹ̀pìtàn. Nígbà tí Mortimer Wheeler ń walẹ̀ ní Maiden Castle láàrin 1934 sí 1937, ó ń fi ògiri erùpẹ̀ sílẹ̀ láàrin kòtò kan àti èkejì, kí ìpele ilẹ̀ lè hàn lára rẹ̀. Baulk ni wọ́n ń pe ògiri náà: ilẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn, gẹ́lẹ́ bíi ti oko àtijọ́.

Hesitate, tí ènìyàn lè rò pé ó jẹ́ ẹgbẹ́ balk, kò bá a tan rárá. Láti inú èdè Látìn ló ti wá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kí nǹkan há sójú kan. Ẹni tó hesitate, ọkàn rẹ̀ ló há. Ẹni tó balk, ohun kan wà níwájú rẹ̀. Lọ́ra ní tirẹ̀, lọ́ àti ara ni: ara ló ń falẹ̀. Ẹṣin tó balk lè ti ń sáré tete bọ̀ kó tó dúró. “Ẹṣin náà takú” ni èmi yóò kọ. Tí ó bá sì jẹ́ ti oníbàárà lọ́jà, “ó gbọ́ iye owó, ó fà sẹ́yìn” ti tó.