Àwọn Olùtẹ̀dó Libreville (1849)

Ẹrú 52 tí wọ́n dá sílẹ̀ ni àwọn olùtẹ̀dó wọ̀nyí. Inú Elizia, ọkọ̀ oníṣòwò ẹrú, ni ọmọ ogun ojú omi Faransé ti gbà wọ́n ní 1846. Wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà, kí wọ́n tó kó wọn wá sí Gàbọ́ọ̀nù ní 1849. Freetown ti Sàró, ibùdó ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, níbi tí Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1822, ni Faransé ń wò kọ́.

Ahéré àti ilẹ̀ oko ni ìpín wọn. Igbó ṣíṣán kù sí wọn lọ́wọ́. Ní ẹ̀bá òkun yẹn, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, láti oṣù kẹfà dé ìkẹsàn-án, ni àgbẹ̀ máa ń gé igi, tí í sì í dáná sun oko. Bí òjò bá ti dé, ó di gbígbin ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Imọ̀ ògùrọ̀ ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Wọ́n yan Mountier, ọ̀kan nínú wọn, ṣe olórí.

Ọdún 13 lẹ́yìn náà ni Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin tó fún olùtẹ̀dó Amẹ́ríkà ní éékà 160, bó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún tó sì ro ó. Ìyẹn pọ̀ ju ti Libreville lọ fíìfíì, àmọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ ni ìjọba méjèèjì ń fi ṣe ọ̀làwọ́: àwọn Mpongwe ló ni ti Gàbọ́ọ̀nù.

Nzeng-Ayong, àdúgbò elérò ní ẹkùn kẹfà Libreville òde òní, kò sí nínú ìpín 1849. Ọ̀rúndún ogún, tí Libreville ń fẹ̀ wọ inú igbó, ni ilé kún ibẹ̀.