Ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń rìn, tó sì ń ṣiṣẹ́: Kì í ṣe eré ìdárayá nìkan

Ẹni tó bá dúró díẹ̀ ní Ọjà'ba n'Ìbàdàn yóò rí àwọn alábàárù tó ń ru àpò ẹrù gba àárín èrò kọjá. Tó bá dalẹ́, ẹ̀yìn àti ọrùn ríro ló máa ń bá ọ̀pọ̀ wọn délé. Ohun tó ń fa ìrora yìí, àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì. Síbẹ̀, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ẹ́ kọ́ ọ, àwọn òbí mìíràn á bi í pé ṣé bọ́ọ̀lù ló fẹ́ẹ́ lọ gbá nílé ẹ̀kọ́ gíga ni.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi òkè Mápó ṣàpẹẹrẹ, níbi tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ìlú sí lọ́dún 1929. Bí èèyàn bá ń gun àtẹ̀gùn, iṣan iwájú itan máa ń sún kì láti na orúnkún. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan kan náà ló ń nà díẹ̀díẹ̀, tó ń di ara mú kó má baà ṣubú. Ìdí nìyí tí itan fi máa ń ro ẹni tí òkè kò mọ́ lára lọ́jọ́ kejì. Bákan náà, bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí ara ẹni tó ń gbé e tó, bẹ́ẹ̀ ni ìnira eegun ẹ̀yìn ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó fẹ́ẹ́ gbẹ́rù nílẹ̀, kó sún mọ́ ọn, kó sì tẹ orúnkún.

Ọ̀nà méjì ló wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1948. Èkíní ni Human Kinetics, tó wà lábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn tó bá kà á máa ń di olùkọ́, tàbí kí wọ́n máa tọ́ àwọn eléré ìdárayá sọ́nà. Èkejì ni fisiotẹ́rápì, tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1966 lábẹ́ ẹ̀ka ìṣègùn. Àwọn wọ̀nyí ló ń kọ́ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tàbí tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, bí yóò ṣe tún máa rìn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọn yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, wọn yóò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1988.

Ọmọ tó bá fẹ́ẹ́ ka fisiotẹ́rápì gbọ́dọ̀ yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, físíìsì àti kẹ́místìrì. Nítorí pé òfin ìgbaniwọlé máa ń yí padà, ẹ yẹ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ti ọdún náà wò kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ du ọmọ. Bàbá tí rọpárọsẹ̀ dá dúbúlẹ̀ ní Bẹẹrẹ ń retí ẹni tí yóò kọ́ òun ní ìrìn.